Àlá Tí Ìyá Àgbà Kò Rọ́ Mọ́

Ìrẹsì ń dún ṣàà-ṣàà lórí atẹ, ìyàngbò rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ìyá àgbà sì ń rọ́ àlá rẹ̀ fún mi lẹ́yìnkùlé wa nítòsí Fájuyì, ní Adó-Èkìtì. Ìrẹsì Ìgbẹmọ, ìlú rẹ̀, ni, èyí tí wọ́n bọ̀ kí wọ́n tó sá a, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lára aṣọ. Bó bá fẹ́ ẹ tán, á gbé atẹ lé itan, á máa ṣa òkúta inú rẹ̀ sínú agolo.

Òun ló bí màmá mi. Ìgbà tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè lọ sóko mọ́ ni wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ wa ní Adó. Kò fẹ́ ká máa pe òun ní "ẹ̀yin". "Èmi nìkan ni mo jókòó síbí," á ní, "mélòó ni mí?" Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílùú wọn nìyẹn, nítorí náà "ìwọ" la ń pè é, Yèyé sì lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu wa.

Láràárọ̀, bí a bá ti ṣàmín àdúrà tán, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde. "Kí lo rí lójú àlá?" Gbogbo wa la ó dáhùn. Ó ní àlá tí a kò rọ́, inú ẹni ló ń rà sí. Ìgbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, màmá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà, ra fóònù olójú fífẹ̀ kan, èyí tó ń ya fọ́tò tó sì ń ká fídíò. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ṣàmín báyìí, ojú fóònù ni ojú wọn ń lọ. Èmi nìkan ló kù tí Yèyé ń rọ́ àlá fún, lẹ́yìnkùlé.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àlá àkọ́bí rẹ̀ ló ń rọ́, ọmọbìnrin kan tí ibà pa kí wọ́n tó bí màmá mi. Ó ní ọmọ náà ń sunkún nínú ulé kan tí kò ní ilẹ̀kùn. Òun ń yí ulé náà po, òun ń gun ògiri bí alángbá, ìró òun tú, òun kò dúró so ó.

"Mo sáà ń pè é. Mo ní, 'Má sunkún mọ́, ìyá ń bọ̀!'"

Ó na ọwọ́ sókè láti fi hàn mí bí òun ṣe ń fi èékánná di ògiri mú. Atẹ yí dànù lórí itan rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi fóònù màmá mi ká.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ kíláàsì mi. Wọ́n fẹ́ràn láti máa fi ohùn ará Èkìtì ṣẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ Èkìtì ni gbogbo wa. Ẹnì kan fi orin ijó sí i. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ìsinmi, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Bí ìsìn ṣe parí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sá tọ Yèyé wá. "Màmá, ẹ ti di gbajúmọ̀ o! Ẹ wá wo ara yín."

Yèyé tẹ̀ba sí fóònù rẹ̀, ó ń wò ó. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ tẹ̀ lé e. Àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ń fi "ìyá ń bọ̀" kọrin. Nígbà tó tán, ó béèrè pé, "Ta ló jókòó tì mí níbi tí mo ti ń sọ èyí?" Kò wá ojú mi. Ó kọ ọ̀kadà tí wọ́n bá a pè, ó sì fi orúnkún dídùn yẹn rìn dé ilé.

Màmá mi nà mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi, tó ti pẹ́ tí wọ́n ti bi í gbẹ̀yìn, ní, "Yèyé, kí lo rí lójú àlá?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

Ìdáhùn kan náà ló ń fún wa láràárọ̀, títí ó fi ní kí wọ́n dá òun padà sí Ìgbẹmọ.

Ìgbà tí mo jáde ilé ìwé girama ni mo lọ kí i. Ó nà gbalaja sórí ẹní níwájú ilé. N kò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́, mo wá béèrè ohun tó rí lójú àlá. Ó wò mí títí.

"Kọ́kọ́ na ọwọ́ rẹ méjèèjì, kí n rí i."

Mo nà wọ́n. Kò sí fóònù nínú wọn.

"Ó dáa," ó ní. "Lọ bá mi dá iná."

Kò rọ́ àlá kankan. Kí n tó tún padà lọ kí i, a ti sin ín.

Fídíò náà ṣì ń lọ káàkiri. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé ká wo màmá yìí. Èmi náà fi àmì ẹ̀rín ránṣẹ́ padà, kí wọ́n má baà bi mí léèrè. Ọkọ mi, tó mọ̀ pé èmi ni mo ká a, máa ń rẹ̀ mí lẹ́kún pé ọmọdé ni mí nígbà náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rántí pé abẹ́ ìborùn ni mo fi fóònù náà sí, ojú tó fi ń ríran nìkan ló yọ síta. Ẹni tí kò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe burú kì í fi í pamọ́.