Ìyá Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò Tí Wọ́n Ní Kí N Má Jẹ̀ẹ́ Kó Jáde

Èmi ò fẹ́ràn ìjà rárá. Bí tọkọtaya bá ń jà ní ojúlé kejì, èmi ni màá kọ́kọ́ ti fèrèsé mi. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ wa ló fẹ́ kan ẹ̀ṣẹ́, ẹ ò lè rí ẹni tó máa pariwo jù mí lọ ní gbogbo Avéa, àdúgbò wa. Màá gbé tẹlifíṣọ̀n jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, àwọn onítakisí á páàkì, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ igi ní Owendo á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ìyá rẹ̀ á jókòó sórí àga tó dáa jù. Bó bá ti na ẹni tó ń bá a jà lulẹ̀ báyìí, àwa obìnrin á tú gèlè, a ó máa jù ú sókè bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ọmọ wa ni mo pè é, èmi kọ́ ni mo bí i o. Ilé ìyá rẹ̀ ló kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Nàìjíríà ni àwọn òbí wa ti wá, àmọ́ Libreville níbí, ní Gabon, ni wọ́n bí òun sí, ibí náà ni wọ́n bí mi sí. Ìyà tí ìyá mi fi jẹ mí ló jẹ́ kí Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu mi. Ní tirẹ̀, Faransé ló gbọ́ jù. Tó bá sáré àárọ̀ láti etí òkun ní àdúgbò Glass dé, tí òógùn bò ó, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí yẹ̀pẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oorun."

"Oorun kẹ̀? Èmi tí mo ti wà nídìí maṣíìnì láti ìdájí! Dìde níbẹ̀ jàre."

Á bú sẹ́rìn-ín, á wọlé, á mu omi inú kúlà mi tán pátá, á sì lọ. Màá máa kùn tẹ̀lé e lẹ́yìn. Irọ́ ni, inú mi ń dùn ni. Ẹ wò ó, àárò rẹ̀ ń sọ mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Láàárọ̀, bí mo bá gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré, ọwọ́ mi á dúró lórí aṣọ, màá gbójú sókè, màá wá rí i pé ẹlòmíì ni.

Nígbà tó gba bẹ́líìtì, gbogbo ìlú ló di mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Àwọn ará Gabon ní tàwọn ni, àwa náà ní tiwa ni, a sì ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀ á ní kí gbogbo wa jọ̀wọ́ ọmọ òun, kó lè lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kan, ó dé láti ibi tó ti ń ṣe ìdánrawò, ó ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Kò padà wálé mọ́.

Yéè! Ojú rí nǹkan lọ́sẹ̀ náà. Àwọn èèyàn ń wá láti ibi gbogbo, wọ́n ń fi òdòdó há ẹnu géètì ìyá rẹ̀. Mo rí onítakisí kan, ọkùnrin gìrìpá, tó gbórí lé sitiárìn, tó ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò fọn fèrè mọ́ ọn. Wọ́n dúró dè é.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ Yorùbá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í wo òkú ọmọ rẹ̀, kì í sì í dé ibi sàréè. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ní, "Ìwọ lo sún mọ́ ìyá rẹ̀ jù. Jókòó tì í lọ́jọ́ ìsìnkú, má jẹ̀ẹ́ kó jáde."

Mo ní, "Bàbá, èmi náà fẹ́ rí ọmọ náà."

"A mọ̀," ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n sì dìde.

Ó ká mi lára púpọ̀. Èmi tí mo fi igbe ya ọ̀nà ọ̀fun mi nítorí rẹ̀! Àwọn tí wọn ò mọ̀ ju àwòrán rẹ̀ lọ ló máa wá rí i, èmi ló máa máa ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rántí ìyá rẹ̀, mo gbà.

Ohun tí a ò ṣe ni pé a ò ṣàlàyé fún àwọn ará Gabon. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀gbẹ́ òkú gan-an ni ìyá ń jókòó sí, tí àwọn obìnrin á yí i ká. Wọ́n ń béèrè pé ìyá rẹ̀ dà, àwọn èèyàn wa kàn ń sọ pé ó ń sinmi. Àwọn kan wá rò pé àárẹ̀ ti mú un débi tí kò lè rìn.

Lọ́jọ́ náà, mo ti fèrèsé pálọ̀ ilé ìyá rẹ̀ pa, mo ta kọ́tìnnì bò ó. Màmá jókòó, wọn ò sunkún. Nígbà tó yá, a gbọ́ fèrè ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn náà orin. Dípò kó máa jìnnà, ṣe ló ń sún mọ́ wa. Fóònù mi dún. Bàbá olórí ẹgbẹ́ ni, wọ́n ń mí gulegule.

"Wọ́n ti ya ọkọ̀ òkú kúrò lọ́nà sàréè o! Àwọn ọmọ Gabon yìí ní ìyá rẹ̀ ò lè rìn, àwọn fẹ́ gbé e wá kí i. Ti ilẹ̀kùn!"

Mo tì í, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ dúró síwájú ilé. Gbogbo àdúgbò wá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Maman! Maman!"

Màmá dìde. "Wọ́n ti gbé e dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Màmá rìn wá, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. "Mo fẹ́ rí i. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ rí ọmọ mi."

Ará ibí, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Mo na kọ́kọ́rọ́ sí wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ gbà. Kí àwọn àgbà máa bínú sí mi."

Wọ́n wo kọ́kọ́rọ́ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ká ìka mi lé e, wọ́n dì í padà sí mi lọ́wọ́. "Àbúrò rẹ̀ ṣì wà láyé. Mi ò ní fi ojú mi pe ikú wá bá a. Ìwọ lọ. Wò ó fún mi dáadáa. Má sunkún o, tí o bá ń sunkún, o ò ní rí i."

Mo jáde. Mo sọ fún àwọn èrò ní Faransé pé ìyá rẹ̀ ló rán mi. Ariwo náà rọlẹ̀, àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, wọ́n yàgò fún mi. Gíláàsì kékeré kan wà lókè pósí, mo tẹ̀ba síbẹ̀. Mo wo iwájú orí rẹ̀. Mo wo ojú àpá tó wà lókè ìpéǹpéjú, ètè rẹ̀, irùngbọ̀n tí wọ́n gé fún un. Ẹkún ń bọ̀, mo gbé e mì. Mo wò ó títí awakọ̀ fi sọ pé ó tó.

Mo padà wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo yanu pé kí n sọ fún wọn, Màmá fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Má sọ nǹkan kan."

Wọ́n fà mí lọ sídìí fèrèsé, wọ́n ká kọ́tìnnì díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú mi mú, wọ́n tẹjú mọ́ ẹyinjú mi, ẹyinjú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ wọn. Níta, àwọn ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Má ṣẹ́jú," ni wọ́n ń sọ. "Jọ̀ọ́, má tíì ṣẹ́jú."

Ojú ń ta mí. Mi ò ṣẹ́ ẹ.