Mítà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ara Olúbísí, tíṣà físíìsì ní ilé ìwé Aládé, kò gbà á mọ́. Ṣọ́ọ̀kì lásán ló fi ń kọ́ ọmọ: fi áńpì mẹ́ta pín fólítì méjìlá, ìdènà iná di óómù mẹ́rin, fi áńpì sọ fólítì di púpọ̀, agbára iná di wáàtì mẹ́rìndínlógójì. Mítà tí wọn ìbá fi wò ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ìwé, tó tì í pa, "kó má baà bàjẹ́."

Lónìí, Olúbísí gbé bátìrì ọ̀kadà àti gílóòbù wá bá ọ̀gá. "Sà, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí! Ṣé ẹnu la fi ń wọn iná ni?"

Ọ̀gá ṣí i. Gílóòbù tàn yòò lórí bátìrì, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ mítà tí wọ́n so mọ́ ọn kò mira. Ó ti dógùn-ún nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá.

Olúbísí gbé e lé ọ̀gá lọ́wọ́. "Sà, èyí tí ẹ ní kò gbọdọ̀ bàjẹ́ rèé."