Ọjọ́ tí bàbá mi kọ́ mi ní híńjì

Sátidé kan ní Gwagwalada ni ọjọ́ tí ò lè kúrò lọ́kàn mi, torí ọjọ́ yẹn ni mo mọ híńjì ṣe. Ọ̀kan nínú àrà ijó jáàsì ni híńjì. Wàá tẹ orúnkún, wàá na ara gbọọrọ, wàá máa lọ sẹ́yìn títí èjìká á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, wàá wá dìde láì fọwọ́ tilẹ̀.

Fóònù ni mo fi ń kọ́ ọ ní pálọ̀ wa. Àǹtí tó ń darí ijó ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ pé tí n ò bá mọ̀ ọ́n ṣe kó tó dìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹlòmíì ló máa wà níwájú. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Inú bí mi, mo ta tìmùtìmù nípàá.

Bàbá mi, bíríkìlà ni wọ́n, ń jẹun. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn lò ń tẹ̀. Itan ni kó o fi gbé ara ẹ."

Mo ní, "Dádì, kí lẹ mọ̀ nípa jáàsì?"

Wọ́n gbé bàsíà omi lérí, wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀ títí orúnkún wọn fi kanlẹ̀, wọ́n dìde. Omi ò ta sílẹ̀.

"Bí mo ṣe ń ru kọnkéré nìyẹn. Ó yá."

Mo sọ̀kalẹ̀. Itan ni mo fi gbé ara mi. Mo rí sílìn lókè, mo rò pé orí mi máa fọ́. Mo dìde.

"Kò burú," ni Dádì wí. Wọ́n padà sídìí ẹ̀bà.

Nírọ̀lẹ́, mo ṣe híńjì náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí fi mí síwájú, wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi.

"Bàbá mi ni, mà. Bíríkìlà ni wọ́n."

Àwọn kan nínú àwọn tó ń jó rẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn jà. Mo kàn tún sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì dákẹ́.