Bàbá Kọ́mlá Gbé Bọ́ọ̀lù ní Agbonou

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kúrò ní Ìbàdàn, àpò lọ́wọ́, fèrè lọ́rùn. Àwọn ọdún 1970 ti ń lọ sópin nígbà náà, orúnkún mi sì ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Kọ́mlá, ọmọ Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò, láti ẹ̀bá Atakpamé, ló ránṣẹ́ pè mí. A jọ wà ní yunifásítì nílẹ̀ Faransé, níbi tí a ti kọ́ rọ́gbì, eré tí èèyàn ń gbé bọ́ọ̀lù tó gùn bí ìbẹ́pẹ sá, tí àwọn yòókù ń wó o lulẹ̀. Èmi jáwọ́, mo di ẹni tó ń fun fèrè darí eré náà. Òun kò jáwọ́, títí wọ́n fi mú un láti máa ṣojú orílẹ̀-èdè Tógò. Bàbá rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀, kó wá sóko iṣu. Kọ́mlá bẹ̀ mí kí n wá darí eré kan lójú bàbá náà, bóyá ọkàn rẹ̀ á yí.

Láti Lomé lọ sókè, kòtò ni awakọ̀ Píjò wa ń yẹ̀ fún. Lójú ọ̀nà mo jẹ ohun tí wọ́n ń pè ní fùfú; iyán tiwa ni, àfi pé ọbẹ̀ rẹ̀ ṣàn bí omi òjò.

Awakọ̀ wo fèrè mi. “Ọ̀gá, ṣé ọlọ́pàá ni yín?”

“Rárá. Eré kan ni mo fẹ́ lọ darí. Àwọn ọkùnrin máa ń wó ara wọn lulẹ̀ níbẹ̀.”

“Kí ni wọ́n ń jà lé lórí?”

“Bọ́ọ̀lù.”

“Kí wọ́n ra ìkejì.”

Ní Agbonou, ìlú Kọ́mlá, èdè Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ rán mi létí ìyá ìyá mi, àmọ́ Faransé ń yọjú láàárín rẹ̀. Bàbá Kọ́mlá di etí òsì ọmọ rẹ̀ mú, èyí tí rọ́gbì ti lọ́ bí ewé gbígbẹ.

“Etí tí mo bí mọ́ ọ dà?”

“Eré ló bà á jẹ́, Bàbá.”

“Èló ni wọ́n ń san fún ọ?”

“Wọn kì í sanwó.”

Bàbá tú etí náà sílẹ̀. “Ẹ ṣe é kí n rí i. Bí ìhà tìrẹ bá borí, máa lọ. Bí wọn kò bá borí, ọkọ́ ń dúró dè ọ́.”

Eérú la fi fa ìlà. Ìhà Kọ́mlá ní láti gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ níbi ìlà apá ọ̀nà Lomé kí wọ́n tó ní àmì kan. Àwọn àgbẹ̀ ìlú, tí wọ́n jẹ́ ìhà kejì, lápá oko. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí.

“Ẹ ń jù ú sẹ́yìn, ẹ fẹ́ dé iwájú?” ni Bàbá bi mí. “Orí yín pé ṣá?”

Eré bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wó ẹnìkejì rẹ̀ á dúró, á ní “pẹ̀lẹ́ o,” á gbé e dìde, á gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù. Kò sí òfin rọ́gbì tó mọ irú èyí. Kọ́mlá gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ni àbúrò bàbá rẹ̀, tó wà níhà àwọn àgbẹ̀, bá gba bọ́ọ̀lù, tó ń rìn jẹ́jẹ́. Ta ló fẹ́ wó bàbá rẹ̀ lulẹ̀? Kọ́mlá fúnra rẹ̀ yà fún un. Ọkùnrin náà gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lápá oko, wọ́n di ọ̀kan sí ọ̀kan.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí bọ́ọ̀lù ta sókè, tó fò jáde, tó bọ́ sórí itan Bàbá Kọ́mlá níbi tó jókòó sí. Ó gbé e. Ó dìde. Ó wọ àárín pápá.

Fèrè wà lẹ́nu mi. N kò fun ún. Gbogbo wọn ń tẹríba, wọ́n ń yà kúrò lọ́nà. Ó dúró. Ó wo oko rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó wo ọ̀nà Lomé. Lẹ́yìn náà ó yí ẹ̀yìn sí oko, ó rìn dé ìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.

“Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?” ni ó bi mí.

“Ó tó, Bàbá.”

“Kó máa lọ. Kó tọ́jú etí kejì.”

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi bi mí ẹni tó borí. Mo ní bàbá wọn ni. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Láti ìgbà náà n kò tún gbà pé ẹni tó bá dá wa dúró lọ́nà ni ọ̀tá wa. Kọ́mlá ṣeré fún Tógò títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Nígbà tó padà sí oko bàbá rẹ̀, mo lọ kí i. Etí ọ̀tún rẹ̀ ṣì pé.