Ìyẹ̀fun Ajá Lára Adúmáadán

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Èrèlé ọdún yìí, kí aago mẹ́wàá tó lù, mo dúró nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran ọ̀sìn kan ní Sàngó, níbi tí mo ti máa ń ra oúnjẹ adìyẹ. Ọkùnrin tí ó wà níwájú mi ṣí ìdérí agolo ìyẹ̀fun tí a fi ń pa eégbọn láti gbóòórùn ohun tí ó fẹ́ rà. Òórùn náà korò, ó dà bí káńfọ̀ tí a pò mọ́ kẹrosíìnì, ó sì dé imú mi kí n tó múra sílẹ̀ fún un. Dókítà ẹranko, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó wà lẹ́yìn káńtà, bi í bóyá ajá ni yóò lò ó fún tàbí ológbò. Ọkùnrin náà ní eégbọn kì í béèrè irú ẹran kí ó tó bu ú jẹ. Ọmọbìnrin náà gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé e, ó sì dá a padà sórí pẹpẹ. Ọkùnrin náà pòṣé. Èmi ìbá dì mọ́ ọmọbìnrin yẹn bí àgbà kò bá ní ojútì.

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà wà ní Ọ̀tà, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ìjù: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, yàrá kọjú sí yàrá, ilé ìdáná kan ṣoṣo ní ẹ̀yìn fún gbogbo wa. Fèrè bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ fáktírì ni ó máa ń jí wa. Yàrá tí ó sún mọ́ ilé ìdáná ni ti Ìyá Rábì, opó kan tí ń ta tẹ̀sùbáà àti lọ́fínńdà ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Rábì ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ilé ọkọ ní Ìtẹ̀lé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wẹ̀yìn mọ́. Adúmáadán ni ó kù fún ìyá náà, ológbò kan tí ó dúdú bí ìdí ìkòkò, tí irun rẹ̀ sì ń dán. Láti inú búútà àlùwàlá gan-an ni ó ti ń mu omi. Bí ẹnikẹ́ni bá bá Ìyá Rábì wí, yóò dáhùn pé ẹnu ológbò kò ba omi àlùwàlá jẹ́, àti pé ẹnu àwọn ará ilé kan wà tí òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àìlà, yóò tẹ́ àpò sínú oòrùn, yóò gbé Adúmáadán lé itan, yóò sì fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù. Àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń fò, tí a ń pè ní iná ajá, yóò há sí eyín òòyà, Ìyá Rábì yóò sì gbọ̀n wọ́n sínú abọ́ omi ọṣẹ. Àwa ọmọdé máa ń wo bí wọ́n ṣe ń rì, pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn tí kò yẹ ọmọlúàbí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, iná ajá gba ilé wa. Ajá Bàbá Dáre, tí òun náà ń gbé ilé wa, ni ó kó wọn wá. Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ajá náà ń ṣọ́ ilé, Bàbá Dáre sì ń ṣiṣẹ́ ní fáktírì kan ní Àgbárá. Ológbò dúdú tí opó ń sìn kò ní alágbàwí. Onílé pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní bí kòkòrò bá tún bu ẹnikẹ́ni jẹ lẹ́yìn Jímọ̀ tí ń bọ̀, kí Ìyá Rábì kó ẹrù rẹ̀, òun àti ẹran rẹ̀. Ìyá mi dábàá pé kí gbogbo wa sá ẹní sóòrùn, kí a sì fi omi gbígbóná fọ ilẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn yóò pẹ́ jù. Ìyá Rábì kò ní ibòmíràn tí yóò lọ, kò sì lè fi Adúmáadán sílẹ̀.

Bàbá Dáre ni ó ṣàánú rẹ̀. Ó mú agolo ìyẹ̀fun kan wá, èyí tí ó ti fi pa ajá rẹ̀ lára.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá," ni ó wí. "Ṣé ẹ rí ajá mi? Látàná ni ò ti họra mọ́. Nǹkan tí ò ṣe ajá, kí ló fẹ́ fi ológbò ṣe?"

Ìyá Rábì di ẹsẹ̀ ẹran náà mú, Bàbá Dáre sì fi ọwọ́ ra ìyẹ̀fun náà wọ ìdí irun rẹ̀. Ìyá Rábì ṣàdúrà fún ọkùnrin náà títí tí ó fi wọlé.

Adúmáadán kórìíra ìdọ̀tí. Ó gun orí ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ara rẹ̀ mọ́, bí ológbò gbogbo ti ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nínú ilé náà pé ẹnu ológbò ni ohun tí a fi pa á lára ń bọ́ sí, àti pé ara ajá ń gba ohun tí ara ológbò kò lè gbà. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Etí rẹ̀ ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ara, ó sì ṣubú sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àwọn ará ilé jáde wá wòran. Ọ̀kan ní ọmọ Ìyá Rábì ń jó, kí wọ́n wá ná an lówó. Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Onílé fi ara ti ilẹ̀kùn, ó ń fi pákò rin eyín.

"Ó ti ń jẹ́wọ́," ni ó wí. "Ẹ bi í léèrè, ọmọ mélòó ló ti jẹ nínú ilé yìí."

Ìyá Rábì kúnlẹ̀ ti ẹran náà. Ìyá mi ni ó yíjú sí. "Gìrì ni. Jọ̀ọ́, bá mi gbé àdí."

Àdí ni ó fi gba Rábì lọ́wọ́ gìrì nígbà èwe, àti ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò lẹ́yìn rẹ̀. Ó tú u sórí Adúmáadán, ó sì ń fi í ra á láti orí dé ìrù, ó ń ra á dé awọ, títí ìyẹ̀fun náà fi di ẹrọ̀fọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó la ẹnu ológbò náà, ó ro àdí díẹ̀ sí i. Bí ó ti ń ra á ni gbígbọ̀n náà ń le sí i, bí ó sì ti ń le sí i ni ó túbọ̀ ń ra á. Ẹ̀rín kò dáwọ́ dúró títí ẹran náà fi nà tantan. Onílé ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó kúkú ṣáájú Jímọ̀.

Jímọ̀ kọjá, iná ajá ṣì ń bu wá jẹ. Kò sí ẹni tí ó pe ìpàdé nítorí ajá.

Ìyá Rábì kò sin ẹran mìíràn. Títí ó fi kú, ohun kan náà ni ó máa ń sọ fún ìyá mi: "Ọwọ́ mi ló pẹ́. Ká ní mo tètè mú àdí ni."

Ó ti dolóògbé kí n tó dé ibi ìwé tí ó là mí lójú: epo máa ń ran irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti wọ inú ara, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ni à bá fi fọ̀ ọ́ dànù, kí a tó gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Lónìí, oògùn wà tí a ṣe fún ológbò nìkan, tí ara páálí rẹ̀ sọ ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ẹran tí ó tọ́ sí, ẹ̀yin ọmọ wa sì lè kà á. Wọ́n ti wó ilé wa, wọ́n fi ibẹ̀ kọ́ ibi ìkẹ́rùsí fún fáktírì. Òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹní tí a sá sóòrùn pẹ̀lú. Àwọn tí ń fi ológbò dúdú rẹ́rìn-ín kò tíì tán.

Ṣé ìyẹ̀fun nìkan ni ó pa Adúmáadán, tàbí àdí ni ó parí rẹ̀? N kò mọ̀. Kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ̀ mọ́.