Awò Tòkunbọ̀ Alhaja àti Òpó Mẹ́ta Ọ̀nà Ìsẹ̀

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débi iṣẹ́ ni mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ojú ara mi léṣe. Ọ̀gá Múfú ń tún ìbọn ṣe ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì ń ta awò ìbọn, ìyẹn páìpù kékeré onídígí tí wọ́n máa ń dè mọ́ orí ìbọn kí ohun tó jìnnà lè sún mọ́ni. Ó ní kí n gbálẹ̀. Èmi tí mo gbọ́n ju ìgbálẹ̀ lọ, mo mú awò kan, mo fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ so ó mọ́ ṣakabùlà bàbá ọdẹ kan, mo gbé e lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sì yìn ín. Ẹni tó bá ti yin ṣakabùlà rí mọ bó ṣe ń tani nípàá. Awò yẹn fò padà, ó gbá mi lójú gbàù, ó fi òrùka pupa yí ojú mi ká bíi pé ó fẹ́ fẹ́ mi níyàwó.

Ọ̀gá jáde, ó wò mí títí.

"Dàpọ̀, kí lo ní o kà nílé ìwé?"

"Fíìsíìsì, sà."

"O kà á tán?"

"Rárá, sà."

"Ó hàn."

Òótọ́ ni. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé mo fi ilé ìwé sílẹ̀, àmọ́ ilé ìwé ló fi mí sílẹ̀. Kọ́ọ̀sì tí mo féèlì jù níbẹ̀ náà ni èyí tó dá lórí ìmọ́lẹ̀ àti dígí. Ìdí dígí náà ni mo wá ń jẹun báyìí. Ìyá mi ní Ọlọ́run mọ àwàdà ṣe.

Nígbà tí ojú mi san, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi níṣẹ́. Ibi tí ìlà méjì ti pàdé láàárín awò, tí a fi ń wo ohun tá a fẹ́ yìn, oríta lòun ń pè é. Àwọn àmì kéékèèké tó tò sísàlẹ̀ oríta, àkàbà ni. Ó ní tí ohun tá a fẹ́ yìn bá jìnnà, ọta á máa wálẹ̀ kó tó débẹ̀, torí náà èèyàn á sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, á fi àmì ìsàlẹ̀ wò ó dípò oríta, ẹnu ìbọn á sì gbókè díẹ̀. Mo ní ó yé mi. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé náà ni mo ní ó yé mi.

Alhaja Ràfíátù ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá fà lé mi lọ́wọ́. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń tà ní Èmùré. Ọ̀bọ ló kọ́ wọn níbọn. Àwọn ọ̀bọ jẹ àgbàdo oko wọn títí wọ́n fi lọ ra ìbọn atẹ́gùn, irú èyí tí a ń fi páǹpù rọ afẹ́fẹ́ sí nínú, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn kì í tàsé. Bí wọ́n ṣe dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sójú àmì ní Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn. Àwọn nìkan lobìnrin ibẹ̀.

Ọ̀ràn tó gbé wọn wá kò kéré. Ẹgbẹ́ fẹ́ lọ bá tàwọn ará Ìsẹ̀ díje, èèyàn márùn-ún ló máa lọ. Tẹ́lẹ̀, òpó méjì ni wọ́n ń gbé agolo sí. Òpó iná ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ní tépù tó gùn tó bẹ́ẹ̀: o dúró sídìí òpó kan, agolo wà nídìí òpó mìíràn. Wọ́n wá sún agolo lọ sí òpó mẹ́ta. Ojú Alhaja ò ríran débẹ̀ mọ́. Bàbá Akọ̀wé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń darí ẹgbẹ́, ní kí wọ́n kúkú máa bá àwọn lọ láti pàtẹ́wọ́.

"Pàtẹ́wọ́," Alhaja wí, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa. "Èmi tí mo kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mí tí wọ́n bá fẹ́ yìnbọn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọta mẹ́ta, agolo kan. Tí mo bá bà á, mo wọlé. Tí mi ò bá bà á, kí n gbájú mọ́ sìmẹ́ǹtì mi."

"Ẹ máa bà á, Alhaja," mo ní.

"Pẹ̀lú awò wo? Owó ọwọ́ mi ò lè ra àgbò, kódà èyí tó ń wúkọ́."

Awò mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí owó ọwọ́ Alhaja ká, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, láti Àkúrẹ́. Ọ̀kan tóbi, ó ń dán bíi ṣíbí ìyàwó tuntun, ó sì ń fa nǹkan mọ́ra débi pé mo rí irun imú ewúrẹ́ kan lódìkejì títì. Mo ti gbé e fún Alhaja. Alhaja ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí fáìlì tó ń fi gé irin.

"Sọ fún Alhaja kí wọ́n fi wo agolo tó wà lódìkejì títì yẹn, kí wọ́n mí."

Alhaja fi wò ó, wọ́n mí. "Ó ti lọ," ni wọ́n wí. "Agolo ti lọ. Ewé ni mò ń wò. Dàpọ̀, níbo ni agolo wà?"

Bí awò bá ti ń fa nǹkan mọ́ra jù, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ń rí á kéré tó, gbogbo èémí rẹ á sì máa mì ín. Nínú ọyẹ́ tó mú lọ́jọ́ náà, àfi bíi kéèyàn máa fi kọ́kọ́rọ́ wá ihò ilẹ̀kùn nínú èéfín. Èkejì lẹ́wà náà, àmọ́ èèyàn ní láti gbé ojú lé e pátápátá kó tó ríran. Mo ní "kò sí wàhálà," Alhaja wo àpá tó wà lójú mi, wọ́n ní "wàhálà wà."

Ó wá ku ẹ̀kẹta. Ara rẹ̀ ti họ, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi ọ̀dà kun ibì kan. Kò fa nǹkan mọ́ra púpọ̀. Ọ̀gá ní kí n mú un yí ulé ká, ìyẹn yí ilé ká lẹ́nu Èkìtì. Báyìí ló ṣe ń dán awò olówó pọ́ọ́kú wò: wàá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, wàá yí kọ́kọ́rọ́ orí rẹ̀ kí ọta gòkè, wàá yí tẹ̀gbẹ́ kó lọ sọ́tùn-ún, wàá dá a padà sísàlẹ̀, wàá dá a padà sósì, wàá sì máa yìn ín nígbà kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ awò gidi, ọta ìkẹyìn gbọ́dọ̀ padà wọ ẹnu ọ̀nà tó ti jáde. Awò dídán yẹn ti ṣáko lọ síbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Èyí tó họ yìí yí ulé ká, ó padà wọlé sínú ihò àkọ́kọ́ gan-an.

"Ó burẹ́wà," ni Alhaja wí.

"Ẹ ò fẹ́ fẹ́ ẹ, Alhaja," Ọ̀gá dáhùn. "Ẹ fẹ́ fi ríran."

Wọ́n rà á. Mo dè é fún wọn, mo gbé ìbọn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ka òpó mẹ́ta, mo sì tún un ṣe títí oríta fi bá ọta mu. Mo gbéra ga débi pé mo ra mọ́ínmọ́ín méjì fún ara mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọ̀gá wà wá lọ sínú kòtò ńlá kan lọ́nà Ìsẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ lẹgbẹ́ ti ń yìnbọn. Èmi àti Ọ̀gá ò débẹ̀ rí. Agolo tòmátò wà lórí igi lọ́ọ̀ọ́kán, ògiri yẹ̀pẹ̀ pupa wà lẹ́yìn rẹ̀. Alhaja dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní, wọ́n sọ "Bísímílà", wọ́n yìn ín.

Eruku sọ lára ògiri, nísàlẹ̀ agolo.

Wọ́n tún yìn ín. Eruku sọ níbì kan náà gẹ́lẹ́.

Ọ̀gá yíjú sí mi. Mo gbójú sókè kí n má bàa rí ojú rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí wáyà iná. Wáyà yẹn gùn. Mo wo òpó tó gbé e, òpó gàgàrà tó ń gbé iná láti ìlú dé ìlú, èèyàn lè gbin iṣu pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ sáàárín méjì. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa ńkọ́? Òpó onígi tó ń gbé iná wọ ilé ni, wọ́n sún mọ́ra bí ará ilé kan náà. Òpó mẹ́ta Ìkẹ́rẹ́ ni mo tún ìbọn ṣe fún. Òpó mẹ́ta ọ̀nà Ìsẹ̀ ni wọ́n ń yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bá wọn sọ̀rọ̀?" mo bi Bàbá Akọ̀wé.

"Sọ ọ́. Ó kéré tán, a óò rẹ́rìn-ín."

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja.

"Alhaja, òpó ibí jìnnà síra ju tiwa lọ. Èmi ni mo ṣì í."

"Ìwọ ọmọ yìí, tí mo bá dìde níbí..."

"Ẹ má tíì dìde. Nígbà tí eruku sọ, ṣé ẹ rí i nínú awò?"

"Mo rí i. Mo rí gbogbo ògiri."

"Àmì wo lórí àkàbà ló wà lójú ibẹ̀?"

Wọ́n ka àkàbà wálẹ̀ láti oríta. "Ìkejì."

"Ìkejì náà ni kẹ́ ẹ gbé lé agolo. Ẹ gbàgbé oríta."

"Tó bá jẹ́ fíìsíìsì rẹ lo tún ń ṣe sí mi lórí, Dàpọ̀, ìyá rẹ á wá bẹ̀ mí."

Wọ́n gbé ojú sí awò. Mo rí i tí èjìká wọn gòkè, tó rọra wálẹ̀, tó dúró. Mo di ojú mi, ojú rere àti ojú àpá. Mo gbọ́ ìbọn, pàù. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ agolo.

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ hó yèè. Bàbá Akọ̀wé kò bá wọn hó. Bàbá fi ọ̀pá wọn tilẹ̀ lọ síbi agolo fúnra wọn, wọ́n he é nílẹ̀, wọ́n ti ìka bọ ihò rẹ̀, wọ́n sì padà wá gbé e lé Alhaja lọ́wọ́.

"Àárọ̀ kùtù la máa gbéra lọ Ìsẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má pẹ́."

"Nídìí mọ́tò lẹ máa bá mi," Alhaja wí.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Alhaja jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá, agolo wà lórí itan wọn. Èmi wà lẹ́yìn ọkọ̀, eruku ń bù mí jẹ, ẹnu mi ò sì pa dé. A dúró ra àgbàdo sísun. Obìnrin tó ń tà á rí bí Alhaja ṣe fọwọ́ méjèèjì di agolo yẹn mú bíi pé ó lè dà nù.

"Màmá, kí ló wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ rọra gbé e báyìí?"

"Ihò ni," Alhaja dáhùn, wọ́n sì gbé e sókè kí obìnrin náà lè rí ojú ọ̀run láti inú rẹ̀.