Ẹ̀rọ Ata Ẹ̀yìn Ògiri

Iná sólà ni Sàlàhúdíìnì ń tún ṣe ní Ìtòkò, irú èyí tí í tan fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, tí í sì kú bí ilẹ̀ bá mọ́. Ojú kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń wo ìmọ́lẹ̀. Ojú yẹn ló sọ bàbá náà di ẹni ẹ̀sín. Bó bá tún un ṣe tán, kì í pẹ́ tí yóò tún fi máa ṣẹ́jú lọ́sàn-án gangan bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú.

Ọ̀ṣunjìmí, àgbẹ̀ láti Kọ́bapẹ́, tún gbé tirẹ̀ padà wá. “Bàbá, ẹ má bínú o. Bí kò bá dúró lọ́tẹ̀ yìí, màá gbé e lọ fún ẹlòmíràn ní Ìbarà.”

Sàlàhúdíìnì gba iná náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ń tún rédíò ṣe kí wọ́n tó bí àgbẹ̀ yìí! Ó gbà pé ọwọ́ òun ló ti darúgbó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ibà dá Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀. Òun ló ń lọ ata fún àdúgbò ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́. Sàlàhúdíìnì yọ́ òjé sí ìdí ojú iná Ọ̀ṣunjìmí, ó ń wò ó títí tó fi dì. Tábìlì ò mì rárá. Àṣé ó máa ń mì! Gbígbọ̀n ẹ̀rọ náà ti mọ́ ọn lára, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Òjé tó bá sì ń mì kó tó dì yóò sán nínú, níbi tí ojú ò tó. Ohun tó ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú iná náà, iná tàn. Ó ká ọwọ́ kúrò, iná kú. Gbogbo iṣẹ́ tó ṣe lọ́sẹ̀ náà, ọ̀kan ò padà wá.

Inú rẹ̀ dùn, lẹ́yìn náà ó bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó lé àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ náà ló ń bọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Ó sì mọ Sàfúrátù: bó bá gbọ́, yóò pa ẹ̀rọ náà, kò ní í tàn án mọ́.

Nígbà tí ara obìnrin náà yá díẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ògiri jáde wá.

“Bàbá Fàòsíyà, ẹ kú ìtọ́jú mi o. Ṣé iṣẹ́ ń wá nígbà tí mo dùbúlẹ̀?”

“Kò fi bẹ́ẹ̀ sí,” ó pa irọ́. “Ibí kàn dákẹ́ ṣáá ni.”

Obìnrin náà lọ tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rí i pé apá rẹ̀ ò ní í ká a, ó gba irin tí wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ yí i títí tó fi bú ramúramù. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí tábìlì, ó gbé irin òjé sílẹ̀, ó jókòó de ìgbà tí ata yóò tán.